Níbo Ni A Tẹ́ Wọn Sí? Ìtàn Àwọn Bàbá Wa Tí Wọ́n Sùn ní Kumasi



Nígbà tí ọba Páṣíà béèrè lọ́wọ́ Nehemiah ohun tí ó mú kí ojú rẹ̀ fà ro, ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Ó ní ìlú tí ibojì àwọn bàbá òun wà ti di ahoro, iná sì ti jó ẹnubodè rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ń ka orí kejì ìwé náà kíyè sí i pé ibojì ni Nehemiah kọ́kọ́ dárúkọ kí ó tó kan ẹnubodè. Ọkùnrin tí ń gbé inú ààfin ọba àjèjì, tí oúnjẹ àti ohun mímu kò wọ́n, kò gbàgbé ibi tí a tẹ́ àwọn bàbá rẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo dúró nínú koríko tí ó dé mi ní àyà, ní itẹ́ òkú àtijọ́ kan ní ìlú Kumasi, ní ilẹ̀ Asante. Ìtàn tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìdílé kan ṣoṣo. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin, ní Ṣakí, ní Ìgbẹ́tì, agbo ilé pọ̀ tí a ti ń sọ pé, "Gánà ni bàbá wa kú sí." Bí ènìyàn bá tún béèrè pé, "Níbo ní Gánà? Sàréè wọn ńkọ́?" àwọn àgbà a dákẹ́, àwọn ọmọ a sì máa wo ojú àwọn àgbà.

IṢẸ́ TÍ BÀBÁ MI RÁN MI

Oníṣòwò ni bàbá mi àgbà ní Kumasi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Àdúgbò Krofrom ni wọ́n gba yàrá sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bí àwọn ọmọ wọn. Wọ́n kú ní ọdún 1964, nígbà tí bàbá mi jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. A sin wọ́n sí itẹ́ òkú kan ní ọ̀nà Tafo, kò jìnnà sí Krofrom. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ìyá mi àgbà kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ ẹrù, wọ́n padà sílé. Bàbá mi kò sì tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gánà láti ìgbà náà.

Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ Ìjọ yóò gbé mi dé Kumasi, wọ́n pè mí sínú yàrá. Wọ́n ní, "Bá mi wá ibi tí a tẹ́ bàbá mi sí. N kò ní kí o mú ohunkóhun bọ̀ láti ibẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí a gbàgbọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ibẹ̀ ṣì wà."

Wọ́n fún mi ní àmì mẹ́ta. Èkíní ni pé a fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ orí ibojì náà. Èkejì ni pé arákùnrin kan nínú ìjọ fi ìka kọ lẹ́tà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn sínú sìmẹ́ǹtì náà kí ó tó gbẹ. Ẹ̀kẹta ni pé igi dóńgóyárò kan dúró ní ìhà òsì, lábẹ́ òjìji èyí tí àwọn ọmọ kéékèèké sá sí nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́. Mo kọ àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé, mo sì mú ọ̀nà pọ̀n.

BÍ ÀWỌN ÈÈYÀN WA ṢE DÉ KUMASI

Kí a tó wá ibojì wọn, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n bá lọ. Kumasi ni olú ìlú ìjọba Asante. Ní ọdún 1896 àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọba ibẹ̀, Prempeh Kìíní, lọ sí ìgbèkùn. Ní ọdún 1900 Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, kó ogun jọ, wọ́n sì dó ti odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní àárín Kumasi. Nínú àwọn ọmọ ogun tí a kó wá láti gba odi náà sílẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Èkó wà, tí òyìnbó kan tí ń jẹ́ Aplin kó wọ ìlú náà ní ìparí oṣù kẹrin ọdún yẹn. Nítorí náà, kì í ṣe ọjà nìkan ni ó mú kí àwọn ènìyàn láti ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ ọ̀nà Kumasi. Ogun òyìnbó pẹ̀lú mú wọn mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó wá ṣí ọ̀nà gbayawu ni rélùwéè. Ní ọdún 1903 ojú irin láti Sekondi wọ Kumasi. Ní ọdún 1923 èyí tí ó ti Accra wá wọ ibẹ̀ pẹ̀lú. Kòkó ń ti inú igbó lọ sí etí òkun, owó sì ń wọ ọwọ́ àgbẹ̀. Níbi tí owó bá sì dé, ọlọ́jà kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Àwọn Yorùbá gbé aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abẹ́rẹ́, abọ́ àti ọṣẹ kiri láti ìlú dé ìlú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ lọ a ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, àbúrò a mú aya wá, aya a mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí ó lè máa bá a jókòó ti ọjà. Àwọn Asante ń pè wọ́n ní Alata. Títí di òní, "alata samina" ni a ń pe ọṣẹ dúdú ní Gánà, èyí tí í ṣe ọṣẹ àwọn Alata. Ẹ ò rí i pé ọjà tí àjèjì tà a máa pẹ́ láyé ju orúkọ àjèjì náà lọ.

Krofrom fúnra rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Twi ni ìlú titun. Ó wà ní ìhà Manhyia, níbi tí ààfin Asantehene wà. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ti ń san owó ilé fún onílé, tí àwọn ọmọ wọn ń sọ Twi ní ìta, tí wọ́n sì ń sọ Yorùbá nínú yàrá.

Wọ́n gbé ẹ̀sìn wọn dání lọ. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn dara pọ̀ mọ́ àwọn ará Zongo, wọ́n sì ń sin òkú wọn pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń kírun. Ní ti àwọn Kristẹni, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tí wọ́n gbin ìjọ Onítẹ̀bọmi sí ilẹ̀ Gold Coast. Ó di ọdún 1947 kí àwọn òjíṣẹ́ láti Amẹ́ríkà tó wá bá wọn ṣiṣẹ́ ní Kumasi. Àwọn Aládúrà pẹ̀lú gba ọ̀nà kan náà. Orí tí ó ru ẹrù aṣọ ni ó ru Bíbélì àti agogo. Nígbà tí a bá ń ka iye ẹ̀ka tí Ìjọ ní lẹ́yìn odi, ẹ jẹ́ kí a máa rántí pé kì í ṣe oníwàásù tí a rán ni ó kọ́kọ́ dé púpọ̀ nínú wọn, bí kò ṣe ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

ÌSÌNKÚ NÍ ILẸ̀ ÀJÈJÌ

Nílé, ní àtijọ́, inú ilé àgbà ni a ń sin àgbà sí. Ọmọ a máa sùn ní yàrá tí bàbá rẹ̀ sùn sí lábẹ́ ilẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ibi tí ibojì wà. Bí ẹnìkan bá kú sí ojú ogun tàbí sí ìrìn àjò tí ó jìn, a máa gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, a ó gbé wọn wá sílé, a ó sì fi ẹ̀yẹ sin wọ́n bí ẹni pé òkú náà ni. Gbogbo akitiyan yìí jẹ́ nítorí pé Yorùbá kò fẹ́ kí ènìyàn rẹ̀ sọnù.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba yàrá lọ́wọ́ onílé kò lè gbẹ́ ilẹ̀ yàrá náà kí ó sin òkú sí i. Ní ọ̀dọ̀ àwọn Asante, igbó kan wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ń pè ní nsamanpɔw, èyí tí í ṣe igbó àwọn òkú, níbi tí a ti ń sin àwọn ará ìlú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú kò fẹ́ ìsìnkú inú ilé. Láti ọdún 1888 ni wọ́n ti ṣòfin ní etí òkun Gold Coast pé itẹ́ òkú ni kí a máa sin òkú sí. Báyìí ni àwọn bàbá wa ṣe di ẹni tí a ń sin sí ilẹ̀ gbogbo ènìyàn, láàrin àwọn tí wọn kò jọ ní orúkọ, tí wọn kò sì jọ ní èdè.

Abrahamu mọ irú ìṣòro yìí. Nígbà tí Sara kú ní Hebroni, ó sọ fún àwọn ọmọ Heti pé àlejò ni òun jẹ́ láàrin wọn. Wọ́n fi ibojì lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wọn 400 ṣekeli fàdákà fún Efroni níwájú àwọn ẹlẹ́rìí ní ẹnubodè ìlú, kí oko Makpela lè di tirẹ̀. Ó mọ̀ pé bí a bá fi àánú fún àlejò ní ilẹ̀, ọjọ́ tí àánú bá tán ni ilẹ̀ náà yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn bàbá wa kò ní 400 ṣekeli. Ohun tí wọ́n ní ni ẹgbẹ́ ìlú àti ìjọ. Bí ẹnìkan bá kú, ẹgbẹ́ a dá owó pátákó pósí, àwọn obìnrin a se oúnjẹ, ìjọ a ṣe àìsùn, àwọn ọ̀dọ́ a gbé òkú lọ sí itẹ́. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 gba Gold Coast kọjá, tí ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàrin oṣù díẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni a sin ní ìkánjú. Bí ẹni tí ó sin òkú bá ṣì wà láàyè ní tòsí, ibojì tí kò ní òkúta pàápàá kò sọnù. Ojú àwọn alààyè ni òkúta ibojì wọn.

ỌJỌ́ MẸ́RÌNLÁ

Nínú ìkànìyàn ọdún 1960, Gánà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 6.7 ènìyàn, àwọn tí a kà sí àjèjì nínú wọn sì lé ní 800,000. Àwọn Yorùbá kò kéré nínú iye yìí. Kòkó wá já owó wálẹ̀, iṣẹ́ wọ́n, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àjèjì ni ó gba ọjà mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Olórí Ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gba ìwé náà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde kúrò ní ìlú.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni. Ní àkókò yẹn ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà. Àwọn tí a bí sí Kumasi, tí wọn kò tíì rí ilẹ̀ Nàìjíríà rí, di ẹrù wọn. Gbèsè tí a jẹ wọ́n di ẹ̀bùn fún onígbèsè. Ọjà tí ó ṣòro láti rà ní àná di ohun tí a ń bẹ ènìyàn kí ó wá gbé. Bàbá mi rántí pé ìyá àwọn ta ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ní owó tí kò tó ra oúnjẹ ọ̀nà.

Bàbá mi tún rántí ohun mìíràn. Ní ọ̀sán Sunday tí ó kẹ́yìn, ìyá mi àgbà mú ọkọ́, wọ́n sì mú òun lọ sí itẹ́ òkú. Wọ́n roko orí ibojì náà mọ́ tónítóní, wọ́n gbá a, bí ẹni tí ó ń gbá iwájú ilé kí ó tó rìnrìn àjò. Wọn kò sunkún, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Wọ́n kó ọkọ́ nílẹ̀, wọ́n ní, "Ó yá." Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹnìkan nínú ilé wa tí ó tún roko ibẹ̀.

Ẹ̀yin ará, báyìí ni itẹ́ òkú ṣe ń di ahoro. Koríko ń hù lórí gbogbo ibojì ní ọdọọdún, ti olówó àti ti tálákà. Ohun tí ó sọ ibojì àwọn èèyàn wa di ahoro ni pé a lé ẹni tí yóò roko rẹ̀ jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí a tó dá àwọn ará Gánà lẹ́bi ní àdájù, ẹ jẹ́ kí a rántí oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà pẹ̀lú pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àwọn ọmọ Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn pẹ̀lú ti sin bàbá àti ọmọ sí ilẹ̀ wa. Ta ni ó ń roko ibojì wọn ní Èkó? Ìbéèrè tí mo gbé lọ sí Kumasi, ọmọ Gánà kan lè gbé irú rẹ̀ wá bá wa.

OHUN TÍ MO RÍ

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ibojì náà. Àgbà ìjọ kan tí ń gbé Krofrom tẹ̀lé mi, àti ọkùnrin Asante kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ gbígbẹ́ sàréè. Itẹ́ náà tóbi, ó sì ti kún àkúnya. A ti gbẹ́ sàréè titun sáàárín ti àtijọ́, òmíràn gun orí èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ewúrẹ́ ń jẹ koríko níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sí ilé. Níbi tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀, ọ̀pọ̀ sìmẹ́ǹtì ti fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Mo kọ́kọ́ wá igi dóńgóyárò. Mo rò pé ọ̀kan ni n ó bá. Mo bá mọ́kànlá, kùkùté igi tí a ti gé sì tún wà lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ kejì a rí ẹ̀gbẹ́ kan tí a ti rí orúkọ Yorùbá lórí òkúta díẹ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kúnlẹ̀ láti máa fi ọwọ́ nu iyanrìn kúrò lójú wọn, mo sì ń ka orúkọ kọ̀ọ̀kan jáde sókè. Àgbà ìjọ tí ó tẹ̀lé mi ní, "Pásítọ̀, ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

Ní ọjọ́ kẹta, ní ìparí ẹ̀gbẹ́ náà, a rí ibojì kan tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ti là sí méjì. Ìdajì kan ti lọ. Lórí ìdajì tí ó kù, lẹ́tà kan wà tí a fi ìka kọ, lẹ́tà náà sì ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá mi àgbà. Kùkùté igi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi lù kìkì.

Agbẹ́sàréè náà ní, "Ɔsɔfo, òun nìyí. Yà á ní fọ́tò kí bàbá rẹ rí i." Mo ti gbé fóònù sókè. Nígbà náà ni mo rí i pé ìhà ọ̀tún ni kùkùté náà wà bí mo ṣe dúró. Bí mo bá sì yí padà lọ dúró ní ìhà orí, ìhà òsì ni ó bọ́ sí. Mo pe bàbá mi lórí fóònù, mo bi wọ́n pé, "Bàbá, òsì tí ẹ wí, ṣé òsì ẹni tí ó dúró ní ìhà ẹsẹ̀ ni, tàbí ti ìhà orí?" Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. N kò rántí ibi tí mo dúró sí."

Mo mọ ohun tí yóò mú inú bàbá mi dùn. Fọ́tò kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ ọdún márùndínlọ́gọ́ta yóò sì parí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan kì í ṣe orúkọ, kùkùté kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ bàbá ẹlòmíràn ni ó sùn síbẹ̀, tí ọmọ tirẹ̀ náà yóò wá a wá lọ́jọ́ kan. N kò lè fi bàbá ẹlòmíràn tu bàbá mi nínú.

Mo wá ronú ìwé ìjọ. Bí a bá rí ìwé tí a ń kọ ìsìnkú sí, a ó mọ ọjọ́, a ó sì lè mọ ẹ̀gbẹ́ tí a sin wọ́n sí. A lọ sí ilé ìsìn tí àwọn Yorùbá ń lò ní àkókò náà. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ṣí àpótí fún wa, ṣùgbọ́n ìwé tí ó pẹ́ jù nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìdè ọdún 1969. Àgbà kan ní akọ̀wé ìgbà náà di àwọn ìwé náà mọ́ ẹrù tirẹ̀ kí wọ́n má baà sọnù, ó sì gbé wọn lọ sílé. Ilé wo? Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Nínú ìwé Esra orí kejì, a kà nípa àwọn tí wọ́n wá ìwé ìran wọn tí wọn kò rí i, tí a sì torí rẹ̀ yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ibẹ̀. Ọjọ́ náà ni ó tó yé mi.

EGUNGUN JOSẸFU

Bí mo ti ń padà sí Krofrom, mo kọjá ní ìhà Manhyia. Àwọn Asante pẹ̀lú ti mọ ohun tí à ń pè ní kí ibojì bàjẹ́. Ní ọdún 1896 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ilé mímọ́ tí ó wà ní Bantama, níbi tí a ti ń tọ́jú egungun àwọn ọba wọn. Prempeh àti àwọn ìjòyè rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn, wọ́n sì dé erékùṣù Seychelles ní ọdún 1900. Ibẹ̀ ni Yaa Asantewaa kú sí ní ọdún 1921. Nígbà tí Prempeh padà sí Kumasi ní ọdún 1924, kò sọ pé ohun tí ó lọ ti lọ. Kí ó tó kú ní ọdún 1931, egungun Yaa Asantewaa àti ti àwọn tí wọ́n kú sí ìgbèkùn padà sí ilẹ̀ Asante.

Kristẹni ni Prempeh dà nígbà tí ó wà ní Seychelles, ẹni tí ó bá sì mọ Bíbélì mọ ibi tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ti hàn. Josẹfu mú kí àwọn ọmọ Israẹli búra ní Gẹnẹsisi orí 50. Mose gbé egungun rẹ̀ dání ní Eksodu orí 13, ní alẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń sá. Ní Joṣua orí 24 ni a tó sin ín sí Ṣekemu. Ẹni tí ó búra kọ́ ni ó mú ìbúra náà ṣẹ, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ìran kan ń sọ fún èkejì ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ àjèjì nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Èkó, itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni a sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther sí nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó tú itẹ́ náà ká. A gbé egungun Bíṣọ́ọ̀bù lọ sí Kàtídírà tí ó wà ní Marina, nítorí pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọn kò lókìkí, tí ọmọ wọn kò sí nítòsí, ta ni ó gbé wọn?

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA LÁTI ṢE

A kì í bọ òkú, a kì í sì í gbàdúrà sí wọn. Ṣùgbọ́n bíbọ òkú yàtọ̀ sí bíbọlá fún bàbá àti ìyá, òfin tí Ọlọ́run fi fún wa kò sì sọ pé kí ọlá náà parí ní ọjọ́ ìsìnkú. Nítorí náà mo bẹ àwọn ẹ̀ka wa ní ohun mẹ́rin.

Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìsìnkú. Kí a kọ orúkọ abísọ àti orúkọ ìrìbọmi, ìlú, ọjọ́, itẹ́ òkú, ẹ̀gbẹ́, àti orúkọ ẹni méjì tí wọ́n wà níbẹ̀. Bí a bá ń kọ àmì, kí a kọ ọ́ láti ibi tí kì í yí padà: ẹnubodè, odi, tàbí ọ̀nà. A lè gé igi, òsì ẹnìkan sì ni ọ̀tún ẹlòmíràn.

Èkejì, kí a má ṣe jẹ́ kí ìwé náà wà ní ibì kan ṣoṣo. Kí a da á kọ, kí ọ̀kan wà ní ẹ̀ka, kí èkejì wà ní olú ilé Ìjọ. Bí a bá ti ṣe èyí ní Kumasi kí ọdún 1969 tó dé, mo mọ ohun tí ǹ bá gbé wálé fún bàbá mi.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó bá ní ìwé ìjọ àtijọ́ nínú àpótí bàbá rẹ̀, yálà ti Kumasi, ti Tamale, ti Accra tàbí ti ibòmíràn, kí ó mú un jáde. Kì í ṣe tìrẹ nìkan. Ibojì bàbá ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọ̀dọ́ lọ jókòó ti àwọn tí wọ́n padà dé ní ọdún 1969 kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa báyìí.

Nígbà tí mo padà dé ilé, mo sọ òtítọ́ fún bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, mo dé itẹ́ náà. Mo rí ẹ̀gbẹ́ tí àwọn èèyàn wa wà. Mo rí ibojì kan tí ó lè jẹ́ ti bàbá yín, ṣùgbọ́n n kò lè búra." Wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "O ṣeun tí o kò fi irọ́ tù mí." Mo rán wọn létí Mose, tí a sin ní àfonífojì Moabu, tí ènìyàn kankan kò mọ ibojì rẹ̀. Olúwa tí ó sin ín mọ̀ ọ́n, ó sì tó.

Bàbá mi ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mú ìwé wá." Ní alẹ́ ọjọ́ náà wọ́n dárúkọ ènìyàn mẹ́rìnlá tí wọ́n mọ̀ pé a sin sí itẹ́ náà ní ìgbà èwe wọn: ẹni tí ó ń lu agogo ìjọ, obìnrin tí ó ń ta iṣu ní iwájú ilé, ọmọ ọwọ́ kan tí kò tíì tó oṣù mẹ́ta. Mo kọ gbogbo wọn, mo kọ orúkọ bàbá mi àgbà ṣìkẹẹ̀ẹ́dógún, mo sì da ìwé náà kọ sí méjì.

Kí Olúwa tí ó mọ orúkọ àwọn tirẹ̀ má ṣe jẹ́ kí a di ìran tí ó gbàgbé. Àmín.